Ẹ̀rí Kan Ṣoṣo Ló Ń Ṣí Ilẹ̀kùn Onílé

Ẹni tó bá ń gbé Ìlú Ọba, tó ti gbìyànjú rí láti fi ìsinmi ẹnu iṣẹ́ kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí Edinburgh nínú oṣù Kẹjọ, mọ̀ pé owó ọkọ̀ ojú irin kọ́ ló máa ń dá ènìyàn padà lẹ́nu ọ̀nà. Owó ibi tí a ó sùn ni. Oṣù yẹn ni àjọ̀dún eré àti iṣẹ́ ọnà tó ti wà láti 1947 máa ń kún ìlú náà dẹ́nu, tí àwọn onílé ìtura sì máa ń gbé owó lé yàrá bó ṣe wù wọ́n. Ká tiẹ̀ ní ẹnìkan ríbi sùn ní £90 lóru, ọjọ́ 14 á gba £1,260 lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fi omi kan ẹnu. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú ìlú kan náà, lóṣù kan náà, àwọn kan wà tí ariwo àjọ̀dún ń lé jáde nílé ara wọn. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti di ẹrù, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò balẹ̀ nítorí ológbò tó ń sùn lórí àga. Àwọn yẹn kò wá owó. Ẹni tí yóò dúró ti ológbò ni wọ́n ń wá, wọ́n sì ṣetán láti fi yàrá, ilé ìdáná àti ẹ̀rọ ìfọṣọ sílẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Bíbáni ṣọ́lé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò ju èyí lọ: mo bá ọ tọ́jú ilé àti ẹran ọ̀sìn rẹ, o fún mi níbi sùn, owó kankan kò kọjá láàárín wa, oníkálukú ló sì ń san owó ọkọ̀ ara rẹ̀.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí Yorùbá. Bí onílé bá ń rìnrìn àjò ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ó máa ń bẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ ìjọ kan pé kó wá máa bá òun sùn nílé títí òun yóò fi dé. Ohun tó yàtọ̀ ni ọ̀nà tí ìfọkàntán ń gbà. Tiwa ń gba orí ẹ̀jẹ̀ àti ojúlùmọ̀. Ẹni tí a mọ bàbá rẹ̀ la ń fún ní kọ́kọ́rọ́, bó bá sì ṣe ohun tí kò dára, a mọ agboolé tí a ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ ti kó lọ sí ìlú mìíràn, ọ̀pọ̀ aládùúgbò kò sì mọ orúkọ ara wọn, nítorí náà àjèjì ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àjèjì. Ibẹ̀ ni àwọn ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọlé. HouseCarers bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà ní ọdún 2000, TrustedHousesitters sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 2010. Onílé á kọ ọjọ́ tí òun ń lọ àti irú ẹran tí òun ní síbẹ̀. Aṣọ́lé náà á san owó ọdọọdún tí kò tó owó òtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ mélòó kan, á kọ irú ẹni tí òun jẹ́, á sì tọrọ ilé tó bá wù ú. Bí onílé bá dé, á kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ kí onílé mìíràn lè kà á; ìyẹn ni mo ń pè ní ẹ̀rí. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àánú ló ń ṣe àwọn onílé wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò níbẹ̀ ló ń dín ààbò tí wọ́n fún ilé kù bí ilé bá ṣófo ju ọjọ́ 30 lọ, páìpù omi lè dì kó sì bẹ́ nígbà òtútù, ológbò tí wọ́n bá sì gbé kúrò níbi tó mọ̀ lè kọ oúnjẹ. Ohun tí onílé ń rà lọ́wọ́ aṣọ́lé níye lórí gidi.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé ọmọ Yorùbá tó ní ìwé ìgbélùú lọ́hùn-ún ni pé ọ̀nà yìí ṣí fún un, ó sì lè gbé e dé ibi tí owó oṣù rẹ̀ kò lè gbé e dé. Ṣùgbọ́n owó tí a ń ná lọ́jà náà kì í ṣe pọ́n-ùn. Ẹ̀rí ni. Ẹni tó wọlé tọ̀ ọ́ nítorí ibùsùn ọ̀fẹ́ yóò pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó kọ́kọ́ wá ẹ̀rí kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ ẹ̀rí òru méjì péré nílé tí kò dán, ni ilẹ̀kùn máa ń ṣí fún. Mo mọ̀ pé ìbéèrè kan ti wà lẹ́nu òǹkàwé báyìí: Òyìnbó wo ló máa gbé kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lé ẹni tó ń jẹ́ Adébáyọ̀ tàbí Mọ́rẹ́nikẹ́ lọ́wọ́? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ ìtùnú bò ó mọ́lẹ̀. Ní 2017, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Benjamin Edelman, Michael Luca àti Dan Svirsky, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti kọ̀wé sí nǹkan bí onílé 6,400 lórí Airbnb, ìkànnì tí àwọn onílé fi ń yá ènìyàn ní yàrá, ní ìlú márùn-ún ní Amẹ́ríkà pé àwọn fẹ́ gba yàrá. Ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kò yàtọ̀, orúkọ tó wà nísàlẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Nínú 100 ìwé tó ní orúkọ tí wọ́n mọ̀ mọ àwọn aláwọ̀ funfun, onílé gba nǹkan bí 50. Nínú 100 tó ní orúkọ tí wọ́n mọ̀ mọ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, wọ́n gba nǹkan bí 42. Ẹni tó bá sọ pé kò sí ìdènà níbẹ̀ ń tan àwọn ènìyàn jẹ.

Ìwádìí mìíràn tẹ̀ lé e, òun ló sì mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ruomeng Cui, Jun Li àti Dennis Zhang lo irú ọgbọ́n kan náà, wọ́n sì tẹ èsì tiwọn jáde ní 2020. Nígbà tí kò sí ẹ̀rí kankan nídìí orúkọ ẹni tó ń tọrọ yàrá, àlàfo tó wà láàárín orúkọ funfun àti orúkọ dúdú tó bíi 19 nínú 100. Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rí rere kan sídìí orúkọ náà, ẹ̀rí kan péré láti ọwọ́ onílé tó ti gbà á sílé tẹ́lẹ̀, àlàfo náà lọ tó bẹ́ẹ̀ tí ìṣirò kò fi rí i mọ́. Mo gbà pé Airbnb kọ́ ni bíbáni ṣọ́lé, Amẹ́ríkà kọ́ sì ni Ìlú Ọba. Síbẹ̀, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn onílé méjèèjì: kò mọ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń wá ohun tó lè dì mú, bí kò bá sì rí nǹkan kan, orúkọ àti àwọ̀ ló máa dì mú. Ẹ̀rí àkọ́kọ́ ń gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ìwà rọ́pò rẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ ṣe lààlàá ju ẹlòmíràn lọ kí wọ́n tó gbà wá gbọ́. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn, ìwà ìrẹ́jẹ ni. Ṣùgbọ́n bí ojú ọ̀nà bá ní kòtò, ẹni tó mọ ibi tí kòtò náà wà tó sì mọ bó ṣe gùn tó ni yóò fò ó kọjá, ìwádìí yìí sì ti bá wa wọn kòtò náà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ, nígbà náà, ni kí ẹni tí kò ní ẹ̀rí kankan lọ máa tọrọ ilé etí òkun ní Cornwall lásìkò tí ilé-ìwé gba ìsinmi. Gbogbo ayé ló ń du irú ilé bẹ́ẹ̀, àwọn tó ti ní ẹ̀rí ogún ló sì máa ń gbà á. Ibi tí ó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí ẹnikẹ́ni kì í pè ní ìrìn àjò: òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kọkànlá tàbí oṣù Kejì, ológbò kan, ní àdúgbò tó lè wọ bọ́ọ̀sì dé láti ilé ara rẹ̀. Kò ní náwó, kò ní gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, bí nǹkan bá sì rú u lójú, ilé kò jìnnà. Òtútù ń mú, òjò ń rọ̀, àwọn tó ń du ilé kò pọ̀, onílé tó sì ti ń wá ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì yóò fara balẹ̀ ka ohun tí ẹni tuntun kọ. Kó tó dé ibẹ̀, kó ti gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n: onílé tó ń san owó ilé fún, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, aládùúgbò tó ti bá gba ọmọ nílé-ìwé. Ẹnikẹ́ni ló lè béèrè ìwé àyẹ̀wò ọ̀daràn fún ara rẹ̀, lọ́wọ́ DBS ní England àti Wales, lọ́wọ́ Disclosure Scotland ní Skọ́tíláǹdì. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń fún onílé ní ohun tó lè dì mú kí ẹ̀rí gidi tó dé.

Bí a ṣe ń kọ̀wé sí onílé tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ pẹ̀lú bó ṣe ti ń wù ú láti rí Edinburgh ti sọ̀rọ̀ ara rẹ̀, onílé kò sì béèrè ìyẹn. Kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹran. Ká ní onílé kọ ọ́ síbẹ̀ pé ológbò òun ń lo oògùn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì ń sá fún àlejò. Kí ìdáhùn náà sọ bí a ó ṣe fún un lóògùn, aago mélòó, àti pé a kò ní fà á jáde lábẹ́ ibùsùn, a ó jẹ́ kó fúnra rẹ̀ jáde. Yorùbá tó mọ bí a ṣe ń kí ènìyàn mọ ọ̀nà yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ, nítorí a kì í dé ilé onílé ká máa sọ ohun tí a wá gbà kí a tó béèrè àlàáfíà ará ilé. Bí onílé bá sì ní kí àwọn jọ sọ̀rọ̀ lórí fídíò, àkókò ìbéèrè ni, kì í ṣe àkókò ìtìjú. Dókítà ẹranko wo ni ẹ ń lò, ta ló sì máa san owó rẹ̀? Wákàtí mélòó ni ajá yìí lè dá wà? Ṣé ó ti bu ẹnikẹ́ni jẹ rí? Báwo la ṣe ń tan ẹ̀rọ amúlégbóná, níbo la ti ń ti omi pa? Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́ ilé yìí? Onílé tí ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá bí nínú, ilé rẹ̀ kò yẹ ní sísùn.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń já onílé kulẹ̀ torí pé wọ́n rò pé ìsinmi lásán ni. Dogs Trust, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń gba ẹjọ́ ajá rò ní Ìlú Ọba, ń kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi ajá sílẹ̀ ní òun nìkan ju wákàtí 4 lọ. Ẹ wá fi ìyẹn ṣírò ọjọ́ kan ní Edinburgh. Ẹni tó gba ilé alájá tó sì fẹ́ máa wo eré láti àárọ̀ títí di òru ti ṣèlérí ohun tí kò lè mú ṣẹ. Ológbò ló fún ènìyàn láyè jù, nítorí ẹni tó bá bu oúnjẹ fún un láàárọ̀, tó kó ìgbẹ́ rẹ̀ kúrò nínú yanrìn, lè jáde lọ títí di ìrọ̀lẹ́. Òfin náà wà níbẹ̀. Òfin ọdún 2006 lórí ìtọ́jú ẹranko ní England àti Wales sọ pé ẹni tí ẹranko wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, gbọ́dọ̀ pèsè oúnjẹ, ibùgbé àti ààbò tó yẹ fún un, bó bá sì kùnà, kò lè sọ pé òun kọ́ ló ni ín. Òfin ọdún 1991 lórí ajá tó léwu náà ń di ẹni tí ajá wà níkàáwọ́ rẹ̀ lákòókò náà mú bí ajá bá ṣe ènìyàn léṣe. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2024 ni a kò ti lè ní ajá XL Bully ní England àti Wales láìní ìwé àṣẹ, a sì gbọ́dọ̀ dè é lẹ́nu bó bá jáde. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kó fi irú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ilé ìdáná tiwa gan-an ló gba ìṣọ́ra jù. Láti kékeré la ti gbọ́ pé egungun ni ti ajá, ṣùgbọ́n egungun adìyẹ tí a ti sè máa ń fọ́ ṣọọrọ, ó sì lè gún ajá ní ọ̀fun tàbí ní ìfun. Ọbẹ̀ ata wa kún fún àlùbọ́sà, àlùbọ́sà sì ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá àti ti ológbò jẹ́, ìbáà jẹ́ tútù tàbí sísè. Èso àjàrà gbígbẹ tó wà nínú kéèkì lè ba kíndìnrín ajá jẹ́, ṣokoléètì léwu fún un, ṣíńgọ́ọ̀mù tí wọ́n fi èròjà adùn tó ń jẹ́ xylitol ṣe lè pa á. Ti ológbò, òdòdó lílì ni kí a má gbé wọlé rárá, nítorí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ nìkan tó láti pa kíndìnrín rẹ̀ bí ológbò bá fi ahọ́n lá a kúrò lára. Mo ń tò wọ́n sílẹ̀ nítorí ìwà rere Yorùbá, pé a kì í jẹun kí a má fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń wo wá lẹ́nu, lè ṣe jàǹbá níbi yìí. Ohun tí onílé bá kọ sílẹ̀ pé kí a fún un ni kí a fún un, ìwọ̀n tó kọ ni kí ó jẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn kò lè bá ajá gbé inú ilé, n kò sì fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìbẹ̀rù náà ní orísun. Ní ilẹ̀ wa, dìgbòlugi ṣì ń pa ènìyàn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé nínú 100 ẹni tí àrùn náà bá mú, ọ̀dọ̀ ajá ni nǹkan bí 99 ti kó o. Ìyá tó ń pariwo pé kí ọmọ òun sá fún ajá ojú títì mọ ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tó gba ẹ̀mí là ní Òṣogbo kò níṣẹ́ tó ń ṣe ní Leeds, nítorí láti 1922 ni Ìlú Ọba ti bọ́ lọ́wọ́ dìgbòlugi lára àwọn ẹranko orí ilẹ̀. Mùsùlùmí ní ìbéèrè tirẹ̀ nípa itọ́ ajá àti ìrun kíkí. Ìlànà Imam Malik ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Yorùbá ń tẹ̀ lé, nínú ìlànà náà sì ni ajá alààyè kì í ti í ṣe ẹ̀gbin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlànà Shafi'i kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lẹ́yìn tó ti bi ààfáà rẹ̀, kó gba ilé ológbò nìkan. Wọ́n pọ̀ bíi ti ajá. Iye ajá tí wọ́n ń sìn ní Ìlú Ọba lé ní mílíọ̀nù 10, ti ológbò náà sì lé ní mílíọ̀nù 10. Ẹni tó ń bẹ̀rù ẹranko dénú ni mo máa ní kó jáwọ́, nítorí ajá mọ ẹni tó ń gbọ̀n.

Àtakò tó dùn mí jù ni èyí tí àwọn òbí máa ń sọ: ṣé lẹ́yìn ìwé tí a ka yìí, a ó wá máa kó ìgbẹ́ ajá fún Òyìnbó? Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. A ti rí ìran tí wọ́n fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé àwọn amúnisìn, ọgbẹ́ rẹ̀ kò sì tíì jinná tán. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀dọ̀ kì í yan ọ̀gá, kì í bi ọ̀gá léèrè ọ̀rọ̀ lórí fídíò, kì í sì kọ iṣẹ́ tí kò bá wù ú. Aṣọ́lé ń ṣe gbogbo èyí. Ilé tí iye rẹ̀ sábà máa ń lé ní £200,000 ni wọ́n ń fi sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú ẹranko tí wọ́n kà sí ọmọ, láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é jẹ́ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tó fẹ́ rí ayé kí agbára tó tán. Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn òbí ti bọ́ sí i ni pé àwọn onílé kan wà tó ń fi ìfọkàntán bojú. Ẹni tó bá ní kí o ro ọgbà, kí o kun ògiri, kí o máa fún ẹṣin mẹ́ta lóúnjẹ láago márùn-ún àárọ̀, kí o tún bá òun gba àwọn àlejò tó ń san owó, kò wá aṣọ́lé. Òṣìṣẹ́ tí kò ní san kọ́bọ̀ fún ló ń wá. Kíkọ irú ilé bẹ́ẹ̀ wà lára iṣẹ́ náà, pàápàá fún ẹni tó ń wá ẹ̀rí àkọ́kọ́ lójú méjèèjì, nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń dẹ pańpẹ́ fún. Àwọn tún wà tó ń sọ pé aṣọ́lé ọ̀fẹ́ ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tó ń fi ìtọ́jú ajá ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń mú ajá rìn fún wákàtí kan lọ́sàn-án ń ta ohun tó yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń sùn nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ni kò gba àwàdà. Ẹni tó wà ní Èkó tó rò pé òun yóò fi físà ìbẹ̀wò wọ Lọ́ńdọ̀nù, kí òun máa ti ilé ológbò kan bọ́ sí òmíràn fún oṣù mẹ́fà, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò. Òfin ìbẹ̀wò Ìlú Ọba kò gba àlejò láyè láti ṣiṣẹ́, ó sì ka pípèsè iṣẹ́ fún ẹlòmíràn mọ́ ohun tó kà léèwọ̀. Iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni tó gbà kò ju ọjọ́ 30 lọ, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú tó ti forúkọ sílẹ̀ nìkan ni, ilé ẹnìkan kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ aláàánú. Pé owó kò kọjá lọ́wọ́ kò pa òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè lẹ́nu mọ́, nítorí ibi ìsùn náà ní iye. Ní 2022, àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà dá obìnrin ará Ọsirélíà kan padà ní pápákọ̀ òfurufú Los Angeles nítorí pé ó ń bá àwọn ènìyàn tọ́jú ológbò kó lè ríbi sùn. Páásípọ́ọ̀tù Ọsirélíà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni wọn yóò ṣe fún ẹni tó mú ti Nàìjíríà dání? Ẹni tó bá sì purọ́ lórí ìwé físà Ìlú Ọba lè dẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ fún ọdún 10. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní físà ìkẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ adáṣe, wákàtí tó sì lè fi ṣiṣẹ́ níye. Kí òun náà bi agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìgbélùú kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ láìṣiyèméjì ni àwọn tó ti di ọmọ onílùú tàbí tó ti gba ìgbélùú tí kò ní gbèdéke. Ìgbélùú náà gan-an kò gbé páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà dé Paris láìsí físà, ṣùgbọ́n York wà níbẹ̀, Bath àti Cardiff wà níbẹ̀, àwọn òkè Skọ́tíláǹdì tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ti gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù fún ogún ọdún kò tíì fojú kàn rí wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí rẹ̀ kó ẹrù jáde nílé tó ń gbé. Onílé lè ṣàìsàn, kó fagi lé ìrìn àjò rẹ̀ lọ́jọ́ tó kù ọ̀la, nítorí náà owó òtẹ́ẹ̀lì òru méjì yẹ kó wà ní ìpamọ́, kí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n lè yí padà.

Fún ẹni tí kò ní ẹ̀rí kankan, tí kò sì tíì fọwọ́ kan okùn ajá rí, ibì kan wà tí kò béèrè owó ọdọọdún. Láti 1985 ni ẹgbẹ́ aláàánú Cinnamon Trust ti ń wá àwọn tó lè bá arúgbó àti aláìsàn mú ajá wọn rìn káàkiri Ìlú Ọba. Ìyá àgbà kan ti ṣubú, ìtan rẹ̀ kò gbà á láti jáde mọ́, ajá rẹ̀ sì dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń wo ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ń lọ mú ajá náà jáde láràárọ̀ ọjọ́ Sátidé fún oṣù mẹ́ta yóò ti mọ bí ajá ṣe ń fa okùn bó bá rí ọ̀kẹ́rẹ́, bí a ṣe ń ṣa ìgbẹ́ rẹ̀ sínú ọ̀rá, àti bó ṣe máa ń dúró bí ohun kan bá ń dùn ún lẹ́sẹ̀. Bí onílé kan ní Edinburgh bá wá béèrè pé ta ló mọ̀ ọ́n, ìyá àgbà náà wà nílé, ó ní tẹlifóònù, inú rẹ̀ yóò sì dùn láti dá a lóhùn.